Mo Fa Ọmọ Mi Lé Ọ̀gá Lọ́wọ́ ní Hamburg

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé, "Ìyá Gbénga, báwo ni ìlú òyìnbó?" Mo ti dáhùn lójú ọ̀nà, mo ti dáhùn nídìí ààrò búrẹ́dì, mo tilẹ̀ ti dáhùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àlùfáà ń wàásù lọ́wọ́. Ó ti sú mi. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé yìí ni màá nà sí i.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí. Àwọn kan ní Ìléṣà yìí ń sọ pé mo lọ sí Germany lọ ba ayé ọmọ mi jẹ́. Wọ́n ní ọmọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́jẹ́, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń mu kọfí lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá ẹ̀ lọ fà á jáde níbẹ̀, ó lọ sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ tó wá bú mi.

Ọ̀nà la dí

Gbénga wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú Tegel ní Berlin. Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti fojú kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí ilẹ̀ títutù yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Mi ò tíì dé ìdajì oríkì tí obìnrin kan fi dúró tì wá, ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọ mi díẹ̀díẹ̀. Kò kí wa kú oríire, kò kí wa kú ojú-ń-rí-ara-wa.

Mo ní, "Kí ló ń ṣe eléyìí?"

Gbénga dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò ẹ̀. Ó ní, "Màámi, ọ̀nà la dí."

Báyìí ni Berlin ṣe gbà mí lálejò. Kì í ṣe pé ènìyàn burúkú ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Níbi àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin kan gba àpótí mi lọ́wọ́ mi, ó gbé e dé òkè, ó gbé e kalẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti ṣàdúrà fún un ni, ó ti wọ inú èrò lọ. Irú ìwà wo nìyẹn? Ènìyàn ṣoore, kò dúró gba ẹ̀san àdúrà. Inú ń bí mi sí i títí a fi délé, nítorí àdúrà yẹn wúwo sí mi lọ́rùn.

Ilé tí kò gbọdọ̀ dún

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Reinickendorf ni Gbénga ń gbé, kò jìnnà sí Tegel rárá. Bí bàálù bá ń bọ̀, ṣe ni yóò dà bíi pé ó fẹ́ wọlé wá bá yín jẹun. Ife inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò máa gbọ̀n. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èmi ni mo dí wọn lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oúnjẹ ibẹ̀ kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Ẹ mọ̀ pé búrẹ́dì ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, mo sì mọ ohun tí ń jẹ́ búrẹ́dì. Èyí tí Gbénga gbé síwájú mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, dúdú ni, ó kan, ó sì le tó ohun tí ènìyàn lè fi kan ìṣó. Ó to ṣíìsì, wàrà gbígbẹ wọn, lé e lórí, ó gé kùkúńbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo dúró de ọbẹ̀. Kò sí ọbẹ̀. Ó ní Abendbrot ni wọ́n ń pè é, pé ó túmọ̀ sí búrẹ́dì alẹ́. Mo ní orúkọ tí ẹni tí kò fẹ́ dáná sọ ọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, mo wá ìyẹ̀fun àti yíìsì nínú ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po tèmi. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń lù ú mọ́ tábìlì kó tó wú dáadáa. Mo lù ú bíi mélòó kan, mo sì ń kọrin sí i. Ni wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ni, ó wọ sálúbàtà ilé, ojú ẹ̀ pọ́n. Gbénga ń túmọ̀ fún mi: ó ní Ruhezeit ni, àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo lọ́jọ́ Ìsinmi. Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni bàálù gba orí wa kọjá, tí a ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, a ń wo ara wa lójú, títí bàálù fi lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ látòkè.

Mo retí kí Gbénga fún un lésì, nítorí ọmọ tí mo bí lẹ́nu. Ńṣe ló ń tẹríba, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nínú ilé. Ibẹ̀ lara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ọmọ tí mo rán lọ sílùú òyìnbó, ohùn ẹ̀ máa ń gba òpópó. Ta ni wọ́n wá dá padà fún mi yìí?

Nígbà tí mo ń wá ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀, mo rí ohun kan tí ó fi ògbólógbòó ìró mi wé. Mo tú u. Ọ̀pá igi onígun mẹ́rin ni, ó gùn tó apá mi, ó ní ẹnu bíi fèrè. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dún. Ohùn ẹ̀ tutù, ó wọ̀ mí lára. Gbénga jáde láti ilé ìwẹ̀, ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Eré ni mo fi ń ṣe, Màámi." Ó sì tún un wé.

Ohun ńlá ní Hellersdorf

Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ aláṣọ funfun ni, ó wà ní Hellersdorf, ní ìpẹ̀kun Berlin, níbi tí ilé gogoro ti tò tẹ̀ léra wọn tí ènìyàn kò lè mọ èyí tí òun ti jáde. Ìjọ wa kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹni tó lè tẹ kíbọ́ọ̀dù, Gbénga ni wọ́n rí. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ yẹn tutù débi pé gbogbo orin tí mo kọ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń dúró kọ ọ́.

Mo gbádùn ìsìn náà, kí n má parọ́. Àdúrà tó gbóná ni. Alàgbà tó darí ẹ̀ ní kí oníkálukú kígbe ohun ńlá tó ń retí lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yí gbiri nílẹ̀. Wọ́n gba ohun ńlá títí ohùn wọn fi há.

Lẹ́yìn ìsìn, bí a ti ń jẹ ìrẹsì, ọmọbìnrin kan wá kúnlẹ̀ kí mi. Bùkọ́lá lorúkọ ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó sì sún mọ́ Gbénga débi tí mo ti ń fi ojú ìyàwó wò ó.

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá Bùrọ́dá Gbénga sọ̀rọ̀ o. Àwọn tó ń ṣe dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Hamburg ti pè é fún Probearbeit, kó wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi wò ó bóyá wọ́n á gbà á ṣọmọ iṣẹ́. Ọdún kejì rèé tó ti ń bẹ̀ wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá gbà, ó ní òun ò lọ mọ́."

Alàgbà tó darí àdúrà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń họ egungun adìẹ. Ó ní, "Ó gbọ́n ni, Màámi. Ta ló ń fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́."

Mo wò ó títí. Mo ní, "Alàgbà, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká gba ohun ńlá láìpẹ́ yìí ni? Ìrẹsì ò tíì dà nínú yín, ẹ ti ń bá eku wọn ìtẹ́."

Ó padà sídìí egungun ẹ̀. Bùkọ́lá ń fi etí ìbòrí ẹ̀ bo ẹ̀rín.

Bí wọ́n ṣe ń bínú nínú ọkọ̀ ojú irin

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé kò sí ìyà tó dà bíi kí ènìyàn máa bínú nílùú tí wọn kì í ti í pariwo. Láti Hellersdorf padà sílé, inú ọkọ̀ ojú irin la wà, gbogbo èrò dákẹ́ bí ẹni ń kàwé ìdánwò. Gbogbo ìjà tí mo bá ọmọ mi jà, ìsọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo fi jà á.

Mo ní, "Gbénga, ṣé òótọ́ ni Bùkọ́lá sọ?"

"Òótọ́ ni, Màámi."

"Kí ló dé tí o ò lọ?"

"Màámi, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni wọ́n. Kí n wá máa gbálẹ̀ pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú irùngbọ̀n mi?"

"Ilẹ̀ gbígbá ò fa irùngbọ̀n ẹnikẹ́ni já."

Ó wá ní, "Ẹ̀yin lẹ jìyà kí n tó dé ibí. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí, ẹ̀yin lẹ fi ń yangàn nílé. Bí mo bá fi sílẹ̀ tí kò wá bọ́ sí i, kí ni mo fẹ́ sọ fún yín?"

Áà. Ọkàn mi gbọgbẹ́, inú sì tún bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ fi mí ṣe ìdènà sójú ọ̀nà ara ẹ̀, ó wá ń pè é ní ìfẹ́.

Mo ní, "Wàá sọ pé, Màámi, kò bọ́ sí i. Èmi á ní, ó mà ṣe o, wá jẹun. Ó parí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ dùùrù tí mo ń sọ, èyí onífèrè tó dúró lápá ọ̀tún pẹpẹ; irú fèrè inú ẹ̀ ni mo bá nínú ìró mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn Gbénga. Eku ti jẹ awọ inú ẹ̀ tó ń gba atẹ́gùn tipẹ́, ohùn ẹ̀ ti kú. Nígbà tí Gbénga wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó tọrọ àyè, ó wọ inú ẹ̀ lọ, ó fi awọ ewúrẹ́ dí gbogbo ibi tí eku jẹ. Ní ọjọ́ Àjíǹde, dùùrù yẹn dún. Ó dún títí orin àkọ́kọ́ fi parí, ó tún dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ọmọ yìí kò jẹun. Ó ní, "Màámi, màá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, màá wá tún un ṣe kó má dákẹ́ mọ́." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú àdúrà, mi ò gbé e kalẹ̀ rí. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà wá jẹ́ ọ̀nà tó ṣí, mo ní kó gba ibẹ̀ lọ, ọ̀nà ni ọ̀nà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbàdúrà kọ̀ǹpútà rí.

Mo sọ èyí fún un nínú ọkọ̀. Mo ní, "Gbénga, mi ò lè máa kan ilẹ̀kùn Ọlọ́run láti bí ogún ọdún, kí Ọlọ́run wá ṣílẹ̀kùn, kí ìwọ tí mo tìtorí ẹ̀ kan án wá sọ pé o ò sí nílé."

Ó gbé orí lé fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Màámi, mo ti gbọ́. Màá lọ."

Mo ní, "A máa lọ."

Ó yíjú padà kíá. "A bíi ti báwo? Ẹ fẹ́ wá ṣe kí ni?"

"Ta ni yóò fà ọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pé wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín, pé kò sẹ́ni tí ń mú ìyá ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó mọ̀ dáadáa pé nínú ilé búrẹ́dì mi, ọmọ tó bá dá wá pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́, mo máa ń dá a padà ni, kó lọ mú ẹni tó ni í wá. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ti fani lé ọ̀gá lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá le lẹ́sẹ̀ ń yá láti sá níbẹ̀. Gbénga ti ń wá ibi tí yóò gbà sá kó tó débẹ̀ rárá.

Orí ìkúnlẹ̀ ní Altona

A lọ sí Hamburg. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkùnrin kan fi ìwé hàn mí pé orí àga òun ni mo jókòó sí, bẹ́ẹ̀ àga tó ṣófo ń wo gbogbo wa. Mo dìde fún un. Ó jókòó, ó sùn. Ní ibùdókọ̀ Altona afẹ́fẹ́ omi ń fẹ́ sí wa, ẹyẹ funfun ń ké lókè, Gbénga sì ra búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹja sí fún mi. Mo bù ú jẹ, mo rí i pé iná kò kan ẹja náà rí, omi kíkan ni wọ́n ṣáà rẹ ẹ́ sí. Mo gbé e mì nítorí Ọlọ́run, mo kó ìyókù fún un.

Mo gbé búrẹ́dì tèmi dání, méjì, funfun, rírọ̀, tí mo ṣe ní Berlin ní ọjọ́ tí Ruhezeit kò sí. Ènìyàn kì í lọ fa ọmọ lélẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Inú ilé iṣẹ́ náà ń rùn bí igi tútù àti gọ́ọ̀mù. Àwọn mẹ́ta kan ń fá igi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n gbójú sókè, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Mo tún un sọ, nítorí ènìyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni kọjá lára igi. Ọ̀kan nínú wọn mi orí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wọn jáde sí wa. Obìnrin gíga ni, irun ẹ̀ ti funfun, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Meisterin ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ó ti gba àṣẹ àti máa kọ́ni níṣẹ́. Ó bọ Gbénga lọ́wọ́, ó wò mí, ó sì wo aago. Mo gbé búrẹ́dì fún un. Kó tó mọ ohun tí yóò fi ṣe, mo ti kúnlẹ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo fi í sínú ọwọ́ ẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìyá ẹ̀ ni mí, oníbúrẹ́dì ni mí, ọ̀gá ọmọ iṣẹ́ lèmi náà. Ọmọ mi rèé. Láti kékeré ló ti sọ pé dùùrù lòun fẹ́ ṣe. Kì í ṣe títẹ̀ o, ṣíṣe. Ó ti fi awọ ewúrẹ́ dí èyí tí eku jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó dún, ó kú, kò sì tíì gbàgbé ẹ̀ dòní. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ má jẹ́ kó fi yín ṣeré. Bó bá ṣe ohun tí kò tọ́, ẹ bá a wí, bí ẹ bá fẹ́, ẹ nà án, ojú ẹ̀ nìkan ni kí ẹ má fọ́. Mo fà á lé yín lọ́wọ́ níwájú Ọlọ́run."

Gbénga ti rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí òjò pa. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó sọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin péré, ó dákẹ́.

Mo ní, "Dúró ná. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ tó èyí tí wọ́n ń sọ níbi ìtọrọ ìyàwó. Ìwọ sọ mẹ́rin. Ewúrẹ́ dà? Eku dà?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mi ò ní dìde. Padà lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Meisterin bi í ní nǹkan. Ó dáhùn, ojú ń tì í. Mo mọ ohun tó bi í: ó ní kí ni ìyá ẹ ń sọ. Mo sì mọ̀ pé ó ti jẹ́wọ́ pé òun gé e kúrú, nítorí obìnrin náà gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó ká apá jọ sáyà, ó fara ti tábìlì, kò wo aago mọ́. Obìnrin ń wò ó lókè, obìnrin ń wò ó nílẹ̀. Ibi sísá ti tán.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹ̀ kò jáde dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Ìléṣà, mo gbọ́ "Mama". Ó fi ìka ṣe eku, ó ń jẹ nǹkan. Obìnrin náà dá a dúró, ó bi í léèrè. Ó dáhùn. Ó tún bi í, ó mú ege awọ kan lórí tábìlì, ó nà án sí i. Gbénga gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí imú, ó mi orí pé rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ohùn ẹ̀ ń ga. Ohùn tó máa ń gba òpópó nílé wa ló jáde sí Altona yẹn, àwọn tó ń fá igi dáwọ́ dúró, wọ́n ń gbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló ń túmọ̀ mọ́. Tiẹ̀ ló ń sọ.

Wọ́n jọ rìn wọ inú ilé lọ, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí awọ. Àwọn méjèèjì ti gbàgbé pé mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi àti orúnkún mi tó ń ro mí, a di ẹsẹ̀ tábìlì mú, a dìde fúnra wa.

Ẹni tí yóò wá gbà á

Gbénga ṣe ọ̀sẹ̀ kan yẹn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó parí, mo lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Meisterin tẹ̀ lé e jáde, ó sọ̀rọ̀, Gbénga sì túmọ̀ ẹ̀ fún mi láìgé nǹkan kan kúrò. Ó ní òun gbà á, yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó ní owó ọmọ iṣẹ́ kéré gan-an, pé òun ò fẹ́ tàn wá. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun jẹ búrẹ́dì mi tán lọ́jọ́ tí mo gbé e wá, ṣùgbọ́n ní tòun, ó dùn jù, pé àkàrà òyìnbó ni, kì í ṣe búrẹ́dì. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo ti jẹ tiwọn náà.

Ó wá ní òun fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ó ní, lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ti fa ọmọ léni lọ́wọ́ báyẹn, tó bá kọ́ṣẹ́ tán, ta ní í wá gbà á?

Mo ní, "Ẹni tó fà á lélẹ̀ ni."

Gbénga túmọ̀ ẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n nígbà tó ń sọ ọ́, nítorí a jọ mọ iye ọdún tí iṣẹ́ yẹn máa gbà, a sì jọ mọ ọjọ́ orí mi.

Mo ní, "Má sunkún sí mi lọ́rùn. Kọ́ iṣẹ́ ẹ. Bí mi ò bá lè wá mọ́, dùùrù wa ṣì wà lápá ọ̀tún pẹpẹ, òun ni yóò gbà ọ́."

Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ará ilé. Ìgbà tí mo padà dé, mo bá bàbá agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa tó kó ìgbálẹ̀, àga tó kán àti òdòdó rọ́bà sínú dùùrù náà bí ẹni kó o sínú àká. Mo ní kó kó o kúrò. Ó ní kí ló dé, ṣé dùùrù tó ti kú fẹ́ sáré lọ síbì kan ni. Mo sọ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, mo sọ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó sú mi. Lánàá, mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo kó àga síta, mo kó ìgbálẹ̀ síta, mo gbọn òkú aláǹtakùn kúrò lẹ́nu fèrè kọ̀ọ̀kan, mo sì ju òdòdó rọ́bà náà sí ààtàn. Bàbá agogo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, "Ìyá Gbénga, nítorí kí ni gbogbo wàhálà yìí?"

Mo ní, "Ẹ bá mi gbé omi wá. Ẹni tó ni í ti wà lẹ́nu iṣẹ́."